Ìrọ̀rí Tí Mo Kọ̀ Láti Tà

Ilé wa ní Bulabulin,
Máídúgùrì.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀.

Wàsíù Àkànní, ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ kú iṣẹ́. Ara èmi àti àbúrò rẹ le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìkíni parí síbẹ̀. Inú ń bí mi sí ọ, n kò sì ní fi "báwo ni gbogbo nǹkan" bò ó mọ́lẹ̀.

Wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí ìyá mi ń kọ lẹ́tà sí mi, nígbà tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan péré ló ń gbé ni láti ilé rẹ̀ dé ilé tí ilé ìwòsàn fún mi. Ìdí ni pé bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá ní, "To, Mama, na ji," pé o ti gbọ́, wàá sì ti gbàgbé ohun tí o gbọ́ kí o tó gbé fóònù sílẹ̀. Bí o bá wá sílé, wàá máa jẹ túwó, wàá máa wo aago. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ìjókòó rẹ lọ́dọ̀ mi kò pé wákàtí kan rí. Mo mọ̀ pé Yorùbá kíkà kò yá ọ lẹ́nu tó Hausa. Kà á díẹ̀díẹ̀. Bó bá gbà ọ́ ní ọjọ́ méjì, kò burú, sùúrù yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o tún kọ́.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, nígbà tí oòrùn mú gan-an, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní agbègbè Kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó pọn ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹsẹ̀ ọmọ náà gùn wálẹ̀, ó le gbandi, ọrùn rẹ̀ sì ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Kò sí ẹni tó nílò láti sọ irú ọmọ tó jẹ́ fún mi. Ẹni tó bá ti pọn irú rẹ̀ rí kò lè ṣì í mọ̀.

Ó ní, "Hajiya, matashi nake so, mai tudu sosai." Ìrọ̀rí ló ń wá, èyí tó ga dáadáa. Mo gbé méjì jáde, ó ní wọn kò ga tó. Mo gbé ẹ̀kẹta jáde, èyí tí àwọn tó ní ẹ̀yìn dídùn máa ń rà. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Mo bi í pé ta ló fẹ́ sùn lé e, ó sì fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Likita ne ya ce in ɗaga mata kai." Dókítà ló ní kí òun máa gbé orí ọmọ náà sókè bó bá ń sùn.

Mo bi í pé kí ló ń ṣe é. Obìnrin náà, Falmata lorúkọ rẹ̀, Dalori ló ti wá, ó wá sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ti sọ ọ́ títí tó ti sú u. Ó ní bí Yagana ọmọ òun bá ti sùn, á máa hanrun, ìhanrun náà á wá dá wìì, àyà rẹ̀ á máa lọ sókè lọ sódò ṣùgbọ́n atẹ́gùn kankan kò ní jáde ní imú rẹ̀. Lẹ́yìn náà á ta gìrì bí ẹni tí wọ́n fà jáde nínú odò, á mí kan gbòòrò, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà.

"Me likita ya ce?" Mo bi í pé kí ni dókítà wí.

"Ya ce haka suke."

Ó ní bí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Mo bi í ní ilé ìwòsàn tó lọ, ó sọ ọ́. Mo bi í ní orúkọ dókítà, kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin ni, Bayarabe ni, ọmọ Yorùbá, àmọ́ Hausa rẹ̀ dùn bí ti ẹni tí wọ́n bí síbí, ó sì ní àpá lókè ojú òsì. Àkànní, mo mọ ìgbà tí àpá yẹn débẹ̀. Etí irin ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi yìí náà ni o fi orí sọ.

Mo jókòó. Mo tún dìde. Falmata rò pé ara mi ni kò yá.

Ṣé ìwọ nìyẹn? Ìwọ tí mo bí? O wo ọmọ kan ní ojú tó là sílẹ̀, o kò rí i lójú oorun, o kò wo ọ̀fun rẹ̀, o kò fi ẹ̀rọ tó ń ka atẹ́gùn há a níka, o wá rán ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà kó lọ ra ìrọ̀rí! Èmi tí mo ń ta ìrọ̀rí, èmi gan-an ni o wá rán an sí! Láti ìgbà tí bàbá yín ti gbé mi wá láti Ọ̀fà tí mo sì ti pàtẹ fóòmù sójú ọ̀nà, n kò lé oníbàárà kankan padà rí. Ní Ọjọ́rú, mo gba ìrọ̀rí lọ́wọ́ Falmata, mo sọ ọ́ padà sórí àwọn yòókù. Mo ní n kò tà á fún un.

O mọ ìtàn Ràfátù àbúrò rẹ, ṣùgbọ́n o kò mọ ibi tí ẹ̀bi tèmi wà nínú rẹ̀. Ọmọ kì í bi ìyá rẹ̀ ní irú rẹ̀, ìyá náà kì í sì í sọ. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, kí o má baà rò pé mo gun orí òkè kan láti máa bú ọ láti ibẹ̀.

Nígbà tí mo bí Ràfátù, kò ké. Wọ́n gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́ nímú, ó pẹ́ gan-an kó tó ké. Ọpọlọ rẹ̀ ti farapa kó tó ké. Nígbà tó pé ọmọ oṣù mẹ́fà, ọrùn rẹ̀ kò dúró, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbé e lọ gbé e bọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ó ti pé ọmọ ọdún méje kí ẹnikẹ́ni tó bi mí bó ṣe ń mí lójú oorun. Ọdún méje, Àkànní!

Gbọ́ ìmọ̀ràn èkíní. Má ṣe gba oorun tó ń pariwo gbọ́. Ràfátù máa ń hanrun bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, mo sì máa ń fi í yangàn. Bí àwọn ìyá agbo ilé wa bá ń ṣàròyé pé ọmọ kò jẹ́ káwọn sinmi, èmi á ní, "Tèmi kì í yọ mí lẹ́nu o. Bó bá ti sùn, ẹ ó gbọ́ ọ dé títì." Nílé ìwòsàn, wọ́n á bi mí pé, "Ṣé ó ń sùn dáadáa?" Èmi á ní, "Dáadáa ni, dókítà, ó tiẹ̀ máa ń hanrun." Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń sùn dáadáa. Mo parọ́ láìmọ̀, àwọn náà gba irọ́ láìbéèrè. Nítorí náà, má bi ìyá kankan pé ṣé ọmọ rẹ̀ ń sùn dáadáa. Bi í pé ṣé ó ń hanrun. Bi í pé ṣé ìhanrun náà máa ń dá, ṣé ó ti fọwọ́ kan án rí kó lè mí. Ṣé ó máa ń làágùn tí aṣọ rẹ̀ á fi tutù? Ṣé orí rẹ̀ máa ń yí sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá atẹ́gùn? Bó bá jí láàárọ̀, ṣé ó jí ni, àbí ṣe ló tún ń tòògbé sínú ògì tó ń mu? Ìbéèrè wọ̀nyí kò gba oògùn, kò gba iná mànàmáná. Abèèrè kì í ṣìnà.

Èkejì ni èyí tó ń dùn mí jù. Ní ọjọ́ tí a bá máa lọ rí dókítà, mo máa ń jí ọmọ yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́. Màá wẹ̀ ẹ́, màá fi páúdà pa á lọ́rùn, màá wọ kaba Ọdún Iléyá fún un, màá sì máa ta á jí ní gbogbo ọ̀nà. Màá kọrin sí i létí, màá fi omi tútù nù ún lójú. N kò fẹ́ kó sùn níwájú àwọn dókítà kí itọ́ máa dà lẹ́nu rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò mí bí obìnrin tí kò lè tọ́jú ọmọ. Nítorí náà, nínú gbogbo ọdún yẹn, kò sí dókítà kan tó rí Ràfátù lójú oorun. Ọmọ tó mọ́ tóní ni mo ń gbé lọ fún wọn, àìsàn rẹ̀ sì ń dúró dè wá lórí ẹní nílé.

Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Falmata náà ṣe é, ó sọ fún mi. Ó ní òun fún Yagana ní dabino jẹ nínú ọkọ̀ láti Dalori kó má baà sùn. O wá rí ọmọ tó lajú, o ní kò sí nǹkankan. Má bínú sí i. Ìwọ ni kí o sọ fún wọn pé, "Ẹ gbé e wá lásìkò oorun rẹ̀. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ bí ẹ kò bá fẹ́." Ẹ ní ibùsùn níbẹ̀, ẹ ní ọ̀sán. Èwo nínú àwọn ọmọ ìlú yìí ni kì í sùn lọ́sàn-án nígbà ooru? Bí wọn kò bá lè dúró, kí wọ́n fi fóònù ká a sílẹ̀, kí wọ́n ká ojú, àyà àti ikùn rẹ̀, kí ohùn rẹ̀ sì wọlé. Kò sí obìnrin kan ní Dalori tí aládùúgbò rẹ̀ kan kò ní fóònù tó ń ya fídíò.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, àìlera mi ló tú u. Ibà ń ṣe mí lọ́jọ́ náà, n kò lè kọrin, n kò lè ta ọmọ jí. A jókòó sórí bẹ́ńṣì títí ọ̀sán fi pọ́n, fáànù kò yí, Ràfátù sì sùn lọ sórí itan mi pẹ̀lú ẹnu ní yíyà. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sístà Grésì, obìnrin Èkìtì tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá síhìn-ín, tó sì ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó gbé abọ́ abẹ́rẹ́ kọjá níwájú wa. Ó dúró. Ó padà. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀.

Ojú tì mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí ọmọ.

"Ìyá, ẹ má jí i."

"Ẹ má bínú, Sístà, ibà ló..."

"Ẹ má jí i, mo ní!"

Ó kúnlẹ̀ lórí síméǹtì. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ kan sí imú ọmọ, ó fi èkejì lé ikùn rẹ̀, ó sì ń wo aago tó fi pín-ìnnì há sí àyà. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà.

"Ó ti tó ìgbà wo tó ti ń ṣe báyìí?"

"Tó ń ṣe kí ni?"

"Tí kì í mí."

Ṣé o mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn? Mo ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Sístà." Ẹnu mi yìí, lórí ọmọ inú mi. Ohun tí o sọ fún Falmata, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Nítorí ìyẹn ni n kò ṣe lè gbọ́ ọ kí n sì dákẹ́.

Sístà Grésì lọ fa dókítà jáde nínú yàrá rẹ̀. Dókítà náà bínú. Ó ní, "Sístà, ọmọ yìí ní àìsàn ọpọlọ. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?"

Ó ní, "Mo fẹ́ kó mí."

Kò gbé ohùn sókè. Dókítà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wo ọmọ. Wọ́n mú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń há ọmọ níka wá, èyí tó ń ka bí atẹ́gùn ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ sí, a sì ń wo bí òǹkà rẹ̀ ṣe ń já wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìhanrun bá dá. Wọ́n dá wa dúró sí wọ́ọ̀dù, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ náà wà níka rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó yà wọ́n lẹ́nu. Ó yà mí lẹ́nu pé ó yà wọ́n lẹ́nu.

Lọ́jọ́ náà, Sístà Grésì mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ikùn Ràfátù. Ó ní, "Bí ikùn bá ń jà tí atẹ́gùn kò jáde nímú, ọ̀nà ló dí. Bí ikùn pàápàá bá dákẹ́, ọpọlọ ló gbàgbé láti pàṣẹ. Àwọn ọmọ yìí lè ní èkíní, wọ́n lè ní èkejì, wọ́n sì lè ní méjèèjì. Ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà." Obìnrin tí kò lọ yunifásítì kọ́ mi ní èyí lórí bẹ́ńṣì. Ìwọ tí ìjọba kọ́, ta ni o kọ́?

Ẹ̀kẹta, ìrọ̀rí. Kí Sístà Grésì tó rí wa, mo ti rí i pé ọmọ ń jà lójú oorun. Kí ni mo ṣe? Ìrọ̀rí ni mo ń tà, ìrọ̀rí ni mo fi wò ó! Mo fi ọ̀kan sí i lórí, mo fi èkejì kún un, mo tún fi ẹ̀kẹta kún un, títí àgbọ̀n rẹ̀ fi wọ inú àyà rẹ̀. Mo ń fi ọwọ́ ara mi ká ọ̀fun ọmọ mi. Ọrùn tí kò lè dúró fúnra rẹ̀, bí o bá tì í síwájú, á tẹ̀ bí rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi, kò sì sí ohun tó máa gba inú rẹ̀ kọjá. Mo mọ oríṣi fóòmù gbogbo, mo mọ èyí tó le, mo mọ èyí tó rọ̀, n kò mọ èyí. Má ṣe yàn fún ẹnikẹ́ni ohun tí o kò wo ibi tó máa bà sí. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kí ọmọ kan fi sùn, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Kọ́kọ́ wò ó ná.

Ẹ̀kẹrin, oògùn. Ọkùnrin tó ní kẹ́mísì nítòsí wa ta oògùn ikọ́ kan fún mi, èyí tó ń kunni lóorun. Ó ní yóò jẹ́ kí ọmọ sinmi. Ọmọ sinmi lóòótọ́, ó dákẹ́ títí àyà mi fi ń já. Mo fi ìyẹn pa mọ́ fún gbogbo dókítà, nítorí ọ̀kan ti pariwo mọ́ mi rí lórí àgbo. Ìyá tí o bá pariwo mọ́ kò ní sọ òótọ́ fún ọ mọ́. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè gbogbo ohun tí ọmọ ń mu, oògùn gìrì pẹ̀lú, nítorí òmíràn wà nínú wọn tó máa ń jẹ́ kí iṣan ọ̀fun dẹ̀ jù. Má ní kí wọ́n jáwọ́ nínú oògùn gìrì o. Béèrè ni mo ní kí o béèrè.

N kò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Èyí tó kàn yìí ni mo ti ń sá fún láti òkè.

Ìwọ ni o kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìwọ àti Ràfátù lẹ máa ń sùn lórí ẹní lábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan, o sáré wá bá mi nídìí ìkòkò, o ní, "Mama, Ràfátù kì í mí, mo ń kà á. Bí mo bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, á tún mí." O fi ìka rẹ hàn mí, o ti ká ọwọ́ kan tán, o ti bẹ̀rẹ̀ èkejì. Mo gbá ọ létí. Mo ní kí o má fi ẹnu burúkú ran àbúrò rẹ, pé ẹni tó bá ń ka èémí ọmọ ń pe ikú wá fún un. O sunkún, o padà sórí ẹní. O kò sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n láti ojú fèrèsé, mo máa ń rí ọ tí o jókòó tì í lẹ́sẹ̀, tí o kì í sùn, tí ọwọ́ rẹ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé eré lò ń ṣe. Ọdún mẹ́ta ni o fi ṣe iṣẹ́ tí dókítà kan kò ṣe, èmi ìyá rẹ sì ti gbá ọ létí lórí rẹ̀.

Mo tọrọ àforíjì. N kò tọrọ rẹ̀ rí, mo tọrọ rẹ̀ báyìí. Dárí jì mí, Àkànní.

Ìmọ̀ràn tó wà nínú ìyẹn ni pé kí o gbọ́ ti ẹni tó ń bá ọmọ sùn. Ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe ìyá-ìyá, ìbáà ṣe ọmọdé tó ń fi ìka kà. Falmata ti bá ọmọ rẹ̀ sùn fún ọdún márùn-ún. Ìwọ bá a jókòó fún ìṣẹ́jú mélòó?

Mo mọ ohun tí wàá sọ. Wàá ní èrò pọ̀. Mo rí wọn, mo ti wà lára wọn. Wàá ní ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń wo oorun láti alẹ́ di òwúrọ̀, tí wọ́n ń lẹ okùn mọ́ orí àti àyà, kò sí níbi tí ò ń ṣiṣẹ́. Ó dára, kò sí. Ṣé ìka ọmọ kò sí? Ṣé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń há a kò sí? Ṣé ojú rẹ kò sí? Dókítà etí àti ọ̀fun wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú rẹ, ìwé pélébé kan ló máa gbé ọmọ débẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ní ọ̀fun Ràfátù nígbà tí wọ́n wò ó ni ẹran méjì tó wú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, òmíràn sì tún wà lẹ́yìn imú. Ọdún méje, kò sí ẹni tó ní kó ya ẹnu! Nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ farapa, gbogbo nǹkan di ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Bó bá kọ oúnjẹ, ọpọlọ ni. Bí gìrì bá pọ̀ sí i, ọpọlọ ni. Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo gbọ́. Ẹni tó ní ẹ̀tẹ̀, ṣé làpálàpá kì í yún un ni?

Wọ́n gé àwọn ẹran náà kúrò. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jinná, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní lábẹ́ dóńgóyárò, mo wọlé lọ da omi sórí iná. N kò gbọ́ nǹkankan. Mo ju ife sílẹ̀, mo sáré jáde pẹ̀lú igbe pé ọmọ mi ti kú. Ó ń sùn ni. Ẹnu rẹ̀ pa dé, ó ń mí bí ọmọ ènìyàn. Mo jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn, mo sunkún títí bàbá yín fi dé. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Gìrì kò lọ, ṣùgbọ́n ó dínkù. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó mọ̀: Mama, ruwa tó bá fẹ́ omi, àti Yaya, tí í ṣe ìwọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò rìn, kò sì ní rìn, n kò tan ara mi jẹ. N kò sì sọ pé ọ̀bẹ ló máa wo gbogbo wọn sàn. Àmọ́ mélòó nínú ọ̀rọ̀ yòókù ló bá ọdún méje yẹn lọ? Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń jí, òun ni mo fi ń sùn. N kò fẹ́ kí Falmata bá mi pín nínú rẹ̀.

Bí ojú bá farabalẹ̀, á rí imú. Ìwọ ń sáré jù, ojú rẹ kò farabalẹ̀. Mo mọ̀ pé o kì í ṣe ìkà. Ìkà ìbá tiẹ̀ rọrùn fún mi láti bú.

Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ Ọjọ́rú. Lẹ́yìn tí mo gba ìrọ̀rí, mo ní kí Falmata tú ọmọ sílẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí fóòmù tí mo fi ń pàtẹ, èyí tí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé. Ooru mú un, ó sùn. Kò pẹ́ tí ìhanrun náà bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ ohùn yẹn bí mo ṣe mọ ohùn tìrẹ. Mo ní kí Falmata gbé fóònù mi, kó máa ká a. Ràfátù wà nínú àga onítáyà rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wo títì bó ṣe máa ń ṣe.

Ìhanrun náà dá. Ikùn Yagana ń jà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sí nǹkankan. Mo gbé ọwọ́ sí i nímú, kò sí nǹkankan.

Ràfátù yí orí kúrò lára títì. O mọ iṣẹ́ tó jẹ́ fún un láti yí orí. Ó wo ọmọ náà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lu apá àga rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Yaya! Yaya! Yaya!"

Ìwọ ló ń pè, kí o wá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó ti ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí o ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, a sì rò pé kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹní yẹn.

Èmi ni mo fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà ta gìrì, ó mí.

Falmata ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ní Ọjọ́ Ajé. Mo ti ní kó má wẹ ọmọ, kó má fún un ní dabino, kó jẹ́ kó sùn. Mo ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Sọ fún nọ́ọ̀sì rẹ kó má lé e. Bẹ Falmata, kí o tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, fa àga, jókòó ti ọmọ náà lẹ́sẹ̀, bí o ṣe máa ń jókòó lábẹ́ igi wa.

Ràfátù kò dákẹ́ ní Ọjọ́rú títí mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Yaya ń bọ̀." Ó gbà mí gbọ́. Má sọ mí di onírọ́ lójú rẹ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ tó gbá ọ létí,
Àdùkẹ́ onífóòmù.